Ibo Lòkè Wà Nínú Fáìlì Yẹn?

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán ọ̀nà tó so àwọn ìlú Ìpínlẹ̀ Òndó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà á fi nódù kan, ìyẹn àmì kékeré kan, dúró fún ìlú kọ̀ọ̀kan, á sì fa ìlà láàárín àwọn tí ọ̀nà so pọ̀. Kíkọ fáìlì rẹ̀ kò le rárá. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e wọ inú ètò mìíràn, tí Òkìtìpupa bá wà lókè Àkúrẹ́, tí Ìkàrẹ́ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní fáìlì ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Òǹkà inú rẹ̀ pé.

Iṣẹ́ fáìlì bẹ́ẹ̀ ni láti sọ ta ló so mọ́ ta. Ibi tí nódù máa jókòó sí, àfikún lásán ni, ètò tó ń kà á ló sì máa pinnu bóyá òun á gbà á. Nínú fáìlì DOT, irú fáìlì tí Graphviz (àkójọ ètò tó ń ya irú àwòrán yìí) ń kà, orúkọ àfikún náà ni pos. Nínú GEXF, irú fáìlì tí Gephi, ètò mìíràn, ń kà, viz:position ni. Bí ẹ bá gbé fáìlì tó ní pos fún dot, ọ̀kan nínú àwọn ètò Graphviz, kò ní wò ó rárá, torí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti to nódù ní ìpele-ìpele. Neato àti fdp, àwọn ètò Graphviz mìíràn, ló ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká wo Àkúrẹ́: pos="5.19,7.25!". Ìlú Òndó: pos="4.84,7.10!". Òǹkà àkọ́kọ́, x, ń sọ bí ìlú ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó; èkejì, y, ń sọ bó ṣe lọ sí àríwá tó. Àmì ìyanu tó kẹ́yìn yẹn ń sọ fún neato pé kó má ṣe sún nódù náà kúrò níbẹ̀. (Máàpù orí fóònù sábà máa ń kọ 7.25 ṣáájú, ẹni tó bá dà á kọ bẹ́ẹ̀ á rí ìpínlẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.) Neato ka òǹkà wọ̀nyí sí ínṣì. Ìlú méjèèjì á wá fi nǹkan bí ínṣì 0.38 jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ nódù tí a kò fún ní ìwọ̀n máa ń fẹ̀ tó ínṣì 0.75. Wọ́n á gorí ara wọn. Ẹ fi 10 sọ gbogbo òǹkà náà di púpọ̀, ó parí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí neato bá ń kọ ibùdó jáde, pọ́ìntì ló ń lò, 72 nínú ínṣì kan. Ẹni tó bá dá èsì yẹn padà sínú rẹ̀ láìlo -s tàbí -n, àwọn àṣẹ tó ń jẹ́ kó ka òǹkà náà sí pọ́ìntì, á rí àwòrán tó fẹ̀ ní ìlọ́po 72. Ó dà bí ìwé òdiwọ̀n tí télọ̀ kan ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ gbé fún èkejì: 18 ló kọ síwájú àyà. Ìdajì àyà ló ní lọ́kàn, torí aṣọ tó ṣẹ́ po sí méjì ló ń gé. Èkejì kà á sí odindi, ó gé e, ẹ̀wù wá há mọ́ oníǹkan lọ́rùn. Irọ́ kankan ò sí nínú 18.

Èyí tó burú jù ni òkè àti ìsàlẹ̀. Nínú Graphviz àti Gephi, bí y bá ṣe ń pọ̀ sí i ni nódù ń lọ sókè. Nínú Cytoscape, ètò mìíràn tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àti nínú SVG, irú fáìlì àwòrán tí àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀wọ̀ á ṣì wà lápá ọ̀tún Àkúrẹ́, gbogbo ìlà á pé, àríwá nìkan ló ti di gúúsù. Ará Òndó á rí i lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ àwòrán ẹni tó ń bá ẹni ṣòwò ni ńkọ́? Kò sí gúúsù níbẹ̀ tí ojú mọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fura.

Ó dára gan-an pé wọ́n ya ìsopọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ibùdó, torí a lè tún àwòrán kan náà tò lọ́nà mẹ́wàá láìba òótọ́ rẹ̀ jẹ́. Àbùkù ibẹ̀ ni pé òǹkà nìkan ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ ìwọ̀n àti ojú ibi tó kọ sí mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ yí y padà, kó fi −1 sọ ọ́ di púpọ̀. DOT sì gba ọ̀rọ̀ àlàyé lẹ́yìn àmì //, nítorí náà ìlà àkọ́kọ́ lè jẹ́: // ínṣì ni, y ń lọ sókè.