Ọkọ̀ tó dúró náà ń fa jàǹbá: ọ̀rọ̀ páàkì àti ẹlẹ́sẹ̀ nígboro Àkúrẹ́

Bí mọ́tò bá kọlu èèyàn nígboro, ẹni tó wà lórí ìjókòó awakọ̀ ni gbogbo ayé máa ń bínú sí. Ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá títì, tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tí í wojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lójú ọ̀nà bíi Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́, tàbí Arákalẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí, ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ló ń pinnu ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, òun náà ló sì ń pinnu ohun tí awakọ̀ máa rí àti ohun tí kò ní rí.

Wo obìnrin kan tó ń ti Ọjà Ọba bọ̀, tó gbé abọ́ tòmátò lérí, tó sì pọn ọmọ. Orí sílábù tí wọ́n fi bo gọ́tà ló ń rìn, ibẹ̀ náà ló yẹ ẹ́. Ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, ó bá Camry tó gbé táyà iwájú méjèèjì gun sílábù, tó yọ ìdí sórí ọ̀dà. Kò lè gba inú, páálí ọjà ti dí ibẹ̀. Àfi kó sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀dà, kó yí ìdí mọ́tò náà po, kó tó tún gòkè. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́fà sí méje péré ni, ṣùgbọ́n jálẹ̀ rẹ̀ ló fi kẹ̀yìn sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ru ẹrù kì í sì í yí ọrùn wẹ̀yìn bó ṣe wù ú. Etí ló fi ń ṣọ́ ọ̀nà, nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn àwọn tó ń polówó oògùn.

Ìdajì ewu náà nìyẹn. Ìdajì kejì wà lójú awakọ̀. Ọkọ̀ tó dúró sẹ́bàá títì dà bí ògiri fún ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀. Ọmọ ọdún méje kò ga tó bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù, nítorí náà bó bá yọ láàárín ọkọ̀ méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ọ̀dà kí awakọ̀ tó mọ̀ pé ọmọ kankan wà níbẹ̀. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó gbà á, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí iná bọ́ sórí bíréèkì, ó máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn, ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ti rin mítà 14. Bíréèkì kò tíì mú rárá o. Bó bá wá mú, lórí ọ̀dà gbígbẹ àti táyà tó dára, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ rin mítà 14 mìíràn kó tó dúró pátápátá.

Ọkọ̀ tó ń sá 30 ńkọ́? Mítà bíi 13 ni gbogbo rẹ̀, àti ìgbà tí ojú rí i àti ìgbà tí táyà dúró. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé níbi tí ẹni tó rọra ń bọ̀ ti dúró pátápátá, ẹni tó ń sá 50 ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ bíréèkì rẹ̀ ni. Kìlómítà 50 yìí kan náà sì ni òfin ìrìnnà Nàìjíríà gbà fún ọkọ̀ kéékèèké láàárín ìlú, kì í ṣe eré àsápajúdé. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé lórí ààbò ojú pópó ní Stockholm, olú ìlú Sweden, ní 2020 fi pè fún kìlómítà 30 níbikíbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ bá ti jọ ń lo ọ̀nà kan náà. Lójú ọjà ní ọjọ́ ọjà, kódà 30 yẹn pọ̀.

Kọ́nà tún burú ju ojú ọ̀nà gbọọrọ lọ. Awakọ̀ tó fẹ́ yà ní láti rí ẹni tó dúró létí oríta, ẹni náà sì ní láti rí i. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta bá ti to ara wọn sí ẹnu kọ́nà tí wọ́n ń pe èrò, méjèèjì ti fọ́jú nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìlànà ojú pópó wọn sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín mítà 10 sí oríta. Mítà 10 kò ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí lọ. Àmọ́ oríta gan-an ni èrò ti pọ̀, ibi tí èrò sì wà ni owó wà, nítorí náà ibi tó yẹ kó ṣófo jù ni ó máa ń kún jù.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà kà sí: bí wọ́n ṣe ń jáde. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń fi imú mọ́tò wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì di dandan kí wọ́n fi ẹ̀yìn jáde sórí títì. Awakọ̀ jókòó síwájú, ìdí ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ ojú ọ̀nà, kò sì lè rí ohunkóhun títí ìdajì mọ́tò fi dé orí ọ̀dà. Ọmọdékùnrin kan nínú àwọn tó ń tajà á wá lu bọ́ọ̀tù, á pariwo, “Máa bọ̀! Máa bọ̀! Ó tó!” Òun ni dígí ẹ̀yìn wọn. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn wọlé nígbà tó ń gúnlẹ̀, iwájú ló máa fi jáde, ojú rẹ̀ sì ti wà lọ́nà kí táyà tó yí. Kò ná an ní kọ́bọ̀, àyàfi sùúrù díẹ̀ nígbà tó ń wọlé, tí àwọn ọlọ́kadà ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa tẹ hóònù bíi pé ó jẹ wọ́n lówó.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń gbé ọkọ̀ síbẹ̀? Kì í ṣe àìmọ̀kan. Ilé tó wà ní àdúgbò àtijọ́ tó yí ààfin Déjì ká ti wà kí mọ́tò tó pọ̀, kò sí àyè ọkọ̀ níwájú wọn. Ti ilé tuntun ló ń múni bínú. Nígbà míì, àyè ọkọ̀ wà nínú ìwé àwòrán ilé tí wọ́n fi gba àṣẹ ìkọ́lé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé kọ̀ǹténà síbẹ̀, wọ́n ti fi háyà fún ẹni tó ń ta fóònù.

Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ sì ni oníbàárà àkọ́kọ́ ibi páàkì náà. Ó dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó gbé mọ́tò rẹ̀ síwájú ìsọ̀, ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́wàá nìyẹn. Bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ogún èèyàn ni ì bá ti lo ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kàkà bẹ́ẹ̀, oníbàárà ń gbé tirẹ̀ sójú títì, ó tan iná ìkìlọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni pé iná yẹn ni ìwé àṣẹ, ó ní, “Mo ń bọ̀ báyìí-báyìí.” Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù á tún máa ráhùn pé ọjà ò tà. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Àwọn tó ni àṣẹ kò ṣàì sí. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi àbójútó ọjà, gáréèjì, títì àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà, ọlọ́pàá wọ́dà náà wà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀nà kan lè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, kí gọ́tà àti ọjà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìbílẹ̀, kí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọlọ́kọ̀ sì jẹ́ ẹlòmíràn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ń wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kì í ṣe nígbà tí kò dúró.

Kí wá ni ṣíṣe? Kíkùn ìlà sẹ́bírà tí ẹlẹ́sẹ̀ fi ń sọdá títì nìkan kò tó, nítorí awakọ̀ kì í dúró fún ọ̀dà funfun. Bí wọ́n bá mọ bọ́ńpù gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ sẹ́bírà náà, táyà á fi tipá rọra. Gọ́tà tí wọn ò bò náà gbọ́dọ̀ ní sílábù, pàápàá nígbà òjò, tí omi máa ń bo gọ́tà àti títì pọ̀ tí ẹsẹ̀ ò fi mọ èwo ni èwo. Ní ti àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé mọ́tò gun sílábù, wọ́dà lè lé wọn ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n bó bá relé nírọ̀lẹ́, tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún, wọ́n á padà. Òpó kọnkéré kúkúrú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìsinmi. Bí àlàfo òpó sí òpó bá jẹ́ mítà 1.2, kẹ̀kẹ́ arọ àti bárò á kọjá, mọ́tò ò ní lè wọlé, Márúwá náà ò ní lè wọlé. Ọ̀kadà nìkan ni á ṣì máa gba àárín rẹ̀ kọjá, òun ni òpó ò rí nǹkan ṣe sí.