Àbàwọ́n tí kì í ṣe òjìji
Ẹ ó gbọ́ ọ káàkiri pé gáàsì gbígbóná inú òfurufú jíjìn "ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì". Irọ́ ni. Kò gbé nǹkan kan mì.

Ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe là ń wí, tó ti ń rìn bọ̀ láti bí bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn, tó ti tutù dé Kelvin 2.7, ìyẹn òtútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpẹ̀kun. Lójú ọ̀nà, ó ń gba àárín ọ̀wọ́ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kọjá, níbi tí gáàsì ti gbóná ju mílíọ̀nù 10 dígíríì lọ. Gáàsì yìí gbóná, àmọ́ ó fẹ́lẹ́: bí a bá fi ìgò lítà kan bù ú, bóyá la ó rí ẹ̀lẹ́kítíróònù (ègé kékeré inú átọ́ọ̀mù) mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú 100 ẹyọ ìmọ́lẹ̀, bí ọ̀kan péré ló ń kọlu ẹ̀lẹ́kítíróònù.

Ẹ wo òde ìnáwó. Ọmọdé 100, tí kálukú mú 50 náírà dání, gba àárín àwọn olówó tó ń jó kọjá. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n náwó fún, owó náà ò sì tó nǹkan. (A tún máa ń rí èyí tí wọ́n já tiẹ̀ gbà, àmọ́ èrè ló pọ̀ jù.) Ẹni tó dúró lẹ́nu géètì, tó ń ka kìkì àwọn tó mú 50 náírà, máa ka 99, ni yóò bá figbe ta pé wọ́n ti gbọ́mọ! Ọmọ ò sọnù. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ka àwọn tó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn: ẹ̀lẹ́kítíróònù ni olówó, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ni ọmọdé, agbára ni owó. Gigahertz la fi ń wọn bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára gbọ̀n tó; bó bá ṣe yára tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nísàlẹ̀ 217 gigahertz, ojú ọ̀run níbi tí ọ̀wọ́ náà wà ṣú díẹ̀. Lókè rẹ̀, ojú kan náà mọ́lẹ̀ sí i. Ní 217 gan-an, a ò ní rí nǹkan kan. Òjìji wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Rashid Sunyaev àti Yakov Zel'dovich, ti ṣírò èyí láti nǹkan bí 1970.

Ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ ni pé jíjìnnà kì í pa á. Àtùpà tó jìnnà máa ń rí bàìbàì, ṣùgbọ́n ara ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe fúnra rẹ̀ ni àmì yìí wà, bí àbàwọ́n epo lára aṣọ. Bó ti wù kí ọ̀wọ́ náà jìnnà tó, bákan náà ni àbàwọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣú. Ohun tí awò ńlá tó wà ní Gúúsù Pólù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ táútáú, fi ń rí àwọn ọ̀wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Àléébù rẹ̀ náà kò jìnnà síbẹ̀: àbàwọ́n tí jíjìnnà ò pa kò lè sọ bó ṣe jìnnà tó. Awò mìíràn ni wọ́n ṣì máa fi wá ìyẹn.