Impede
Impede jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a dí ènìyàn tàbí nǹkan lọ́wọ́, kí ohun tó ń lọ má lè lọ bó ṣe yẹ. A kì í pe lẹ́tà e tó wà ní ìparí rẹ̀. Ìlàjì kejì ọ̀rọ̀ náà ni ohùn ń tẹ̀ mọ́.

Inú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá. Pes (tàbí ped-) ni ẹsẹ̀ lédè náà, impedire sì ni kí a de ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ni àwọn ará Róòmù wò; ọwọ́ ni Yorùbá wò ní tiwa, tí a fi ń sọ pé wọ́n dí wa lọ́wọ́, kódà bó jẹ́ ìrìn là ń rìn. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: a ní ohun ìkọ̀sẹ̀. Impedimenta ni wọ́n ń pe ẹrù tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ń kó kiri, nítorí pé ẹrù kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá. Expedite, tó túmọ̀ sí kí a mú nǹkan yá, ni òdìkejì rẹ̀: ìyẹn tú ìdè ẹsẹ̀.

Bí igi bá wó dí apá kan òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ọkọ̀ ń fà bí ìgbín, impede bá a mu. Bí ọkọ̀ kankan kò bá lè kọjá rárá, block ló yẹ. Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn, ọlọ́pàá àti kóòtù ni impede; ẹni tó bá ń lò ó nídìí ayò ń ṣe àṣejù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, impediment, ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú rẹ̀. Òun ni àlùfáà Áńgílíkà ń bèèrè nígbà ìkéde ìgbéyàwó fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mọ ohun tó lè dènà ìsopọ̀ yìí? Speech impediment ni wọ́n ń pe irú nǹkan bí kíkólòlò. Oliver Heaviside, onímọ̀ iná mànàmáná ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá ọ̀rọ̀ impedance sílẹ̀ lọ́dún 1886 fún ohun tó ń dí iná mànàmáná lọ́nà. Ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́.

Ìbátan tí ojú kì í tètè dá mọ̀ ni impeach. Ó gba inú èdè Faransé wá láti ara pedica, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin kan yọ Rashidi Ládọjà nípò gómìnà Ọ̀yọ́ lóṣù Kìíní ọdún 2006, impeach ni tẹrú-tọmọ ń pè é, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó dá a padà lóṣù Kejìlá. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀sùn lásán ni ọ̀rọ̀ náà: wọ́n impeach Donald Trump lọ́dún 2019 àti 2021, kò sì sí èyí tó yọ ọ́ nípò nínú méjèèjì.