Ẹja gambúsíà kì í ṣe oògùn ẹ̀fọn

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ẹ̀fọn bá pọ̀, kí á ṣáà ju ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní gambúsíà sínú omi, ẹ̀fọn á tán, nǹkan mìíràn kò sì ní bàjẹ́. Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò ni ilé ẹja yìí. Ní 1905, wọ́n kó o láti Texas lọ sí Hawaii. Ó dé Spéènì ní 1921 àti Sydney ní 1925. Lónìí, nínú gbogbo ilẹ̀ ńláńlá ayé, Antarctica nìkan ni kò tíì dé.

Ohun tí ojú rí ló bí ìgbàgbọ́ náà. Kó o sínú agbada pẹ̀lú tanwíjí, yóò gbé wọn mì kíákíá. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kí ló tún wà nínú agbada tó máa jẹ? Nínú odò, ẹyin ẹja, ọmọ àkèré, kòkòrò wẹ́wẹ́ àti ọmọ lámilámi ni yóò kọjú sí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ lámilámi fúnra rẹ̀ ń jẹ tanwíjí! Bí ó bá sì ti jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹ ewéko tíntìntín tán, omi á di àwọ̀ ewé.

Sochi ní Rọ́ṣíà ni àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn sábà máa ń tọ́ka sí. Ibà lọ sílẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tiẹ̀ gbẹ́ ère fún ẹja náà. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, wọ́n sì ń fún àwọn aráàlú ní kíníìnì. Ẹja nìkan ló gba ère, ó ṣe mí bíi pé kíníìnì náà yẹ kó gbà á.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ̀fọn *Anopheles gambiae* tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn omi kékeré tí oòrùn ń pa: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Ẹja wo ló fẹ́ gbé ibẹ̀? Omi náà ti lè gbẹ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Ìdí tí kò fi ṣeé kó padà ni pé gambúsíà kì í yé ẹyin, ọmọ tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ ló ń bí, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọmọ bí 50 lẹ́ẹ̀kan náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo lè fi àtọ̀ akọ pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà abo kan ṣoṣo tó lóyún, tí omíyalé gbé lọ, ti tó láti gba odò tuntun. Bí afẹ́fẹ́ inú omi bá tán, á gòkè wá mí lójú omi. Wọ́n máa ń fi rotenone, oògùn apẹja kan, pa á, ṣùgbọ́n oògùn náà ń pa ẹja mìíràn pẹ̀lú, bí abo kan bá sì sá sínú koríko, iṣẹ́ ti di asán.

Ní Queensland, Ọsirélíà, ẹja kan tó gùn bíi sẹ̀ǹtímítà 3, *Scaturiginichthys vermeilipinnis*, wà ní ìsun omi Edgbaston nìkan. Gambúsíà wọ ìsun lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà àgbàrá, ó ń gé ìrù àti lẹbẹ rẹ̀ jẹ, ẹja náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun.

Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ìrù rẹ̀ rí roboto, abo tó lóyún ní àmì dúdú lẹ́bàá ikùn. Ẹ má kó o, ẹ má sì da ẹja inú agbada dígí sínú gọ́tà. Bí ẹ̀fọn ni ìṣòro yín, láti ẹyin di ẹ̀fọn tó ń fò gba bíi ọjọ́ 7 sí 10, nítorí náà ẹ da omi inú garawa, táyà àti agolo nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi kànìnkànìn ha ẹ̀gbẹ́ inú wọn, torí ẹyin *Aedes*, irú ẹ̀fọn mìíràn, ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó sì lè wà láàyè fún oṣù bíi mélòó kan láìsí omi. Dúrọ́ọ̀mù omi mímu, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì de ojú rẹ̀.