AVN: nígbà tí X-ray ní kò sí nǹkan, tí ìgbáròkó sì ń dunni

AVN ni àwọn dókítà eegun ń pè é bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé orí eegun itan mọ́, tí eegun náà wá ń kú díẹ̀díẹ̀. Orí yìí rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, inú kòtò kan lára ìgbáròkó ló sì ti ń yí. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, torí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé máa ń dí ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà débẹ̀. Lílo oògùn steroid fún ìgbà pípẹ́ àti ọtí àmujù náà ń fà á.

Ìrora rẹ̀ máa ń tanni jẹ. Iwájú ló sábà ń wà, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Nígbà mìíràn, orúnkún ni aláìsàn á máa dì mú, wọn á wá ya àwòrán orúnkún títí, wọn ò ní rí nǹkan kan.

X-ray ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Kí wọ́n ya ìgbáròkó méjèèjì pọ̀, torí ó sábà máa ń mú apá méjèèjì. Aláìsàn á fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn á yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ní nǹkan bíi digírì 15. Bí ẹsẹ̀ bá yà síta, ọrùn eegun itan á kúrú nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà, á ká orúnkún, á ya itan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Àwòrán kejì yìí ni ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò, torí ibẹ̀ ni ìlà dúdú tín-ín-rín, tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ti máa ń hàn dáadáa. Bí ìlà náà bá ti yọ, eegun ti ń wó lábẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí eegun ṣe ki tó ni X-ray ń rí, kò rí mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Eegun lè ti máa kú fún oṣù mélòó kan kí X-ray tó fura. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló ń rí i ní kùtùkùtù. Kò lo ìtànṣán bíi ti X-ray, àmọ́ ó lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmira, ẹni tó bá sì ní irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn lára gbọ́dọ̀ sọ ṣáájú.

Bí ibà bá bá ìrora náà rìn, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò: ó lè jẹ́ ọyún ló wà nínú oríkèé. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, wàrà-wàrà sì ni.

Ẹ rí i pé dókítà kọ SS sórí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá rí AVN kí orí eegun tó wó, wọ́n lè lu ihò sínú rẹ̀ láti dín ìfúnpá kù. Tó bá ti wó, ó lè di pípààrọ̀ gbogbo oríkèé náà.