Ta ló sọ pé ọdún mẹ́ta òfò ni NCE?

Ìgbàkígbà tí JAMB bá ti gbé máàkì jáde ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń tún yọjú lọ́dọ̀ wa nílẹ̀ Òkun, ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọmọ gba 120, bàbá rẹ̀ ní kó gba kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà tó wà nítòsí lọ, kó ṣe NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà ọlọ́dún mẹ́ta, ará ilé bá gbẹ́nu sí i: "Kọ́lẹ́ẹ̀jì inú igbó yẹn? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá parí NCE tán, yunifásítì á ní kó tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti 100 level." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Níbi ìnáwó òkú kan ní Ìsánlú, ẹnu ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe tíṣà ló ti jáde.

Ti pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Òfin ọdún 2011 tó dá TETFund sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń náwó sórí ilé ẹ̀kọ́ gíga, pín owó àjọ náà ní 2:1:1 fún yunifásítì, poli àti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹ ó rí orúkọ TETFund. Owó ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tí òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, tí kò ní èlé, kì í ṣe ti ọmọ yunifásítì nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá ọmọbìnrin kan tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó náà lórí àpáta lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó na fóònù sókè bí ẹni ń tan iná wá nǹkan lájà, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé. Mo kí i, kò dáhùn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, kóòdù yẹn ti ń bọ̀." Ìgbà tí kóòdù fi dé, àkókò rẹ̀ ti kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ìyà wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni tí kò sí nǹkan kan fún kì í gun àpáta.

Ọ̀rọ̀ 100 level yìí ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ní NCE máa ń gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́wọ́ JAMB, kì í jókòó ṣe UTME, ìdánwò JAMB, mọ́, 200 level ló sì máa ń wọ̀. Kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin á wá ku ọdún mẹ́ta. Ẹ ṣírò ó: mẹ́ta ti NCE, mẹ́ta ti yunifásítì, ọdún mẹ́fà. Lóòótọ́, ó fi ọdún méjì ju ti ẹni tó wọ yunifásítì tààrà. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò ẹni tó ń bá mi jiyàn n'Ísánlú ti jókòó JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, ilé ló wà títí di òní. Ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó pè é lófò. Èyí tí wọ́n bá fi kàwé nìkan ni òfò.

Mo wá ń bi gbogbo ẹni tó bá sọ ọ́ pé, ta gan-an ni wọ́n ṣe é fún? Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n, "ẹnì kan báyìí" ni. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan hàn mí, ará Kábà. Òótọ́ ni, 100 level ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló kà ní NCE? Ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni. Kí ló wá lọ kà ní yunifásítì? Akáńtì. Níbo ni wọ́n ì bá fi í sí? Ká tilẹ̀ sọ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbà á sí, wọ́n ṣàánú rẹ̀.

Ohun kejì tó ń dá èèyàn padà kì í tilẹ̀ jáde lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀: kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO. Direct Entry kì í fi NCE dípò WAEC. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú kírẹ́díìtì mẹ́rin, Máàsì ò sí níbẹ̀, wọ́n ní àwọn á tún NECO ṣe tó bá yá. Kò ní yá. Tíṣìn práktíìsì á dé, àsìkò káṣú á dé, tí wọ́n á máa bá oníkáṣú gbé àpò kí wọ́n lè rówó ilé san, ọdún mẹ́ta á pé, F9 á ṣì wà níbi tó wà. Bí yunifásítì bá wá dá wọn padà, kọ́lẹ́ẹ̀jì la máa ń bú.

Mi ò ní gbogbo ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo o. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹka kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n gbà níbì kan, wọ́n lè má gbà á níbòmíràn. Ẹni tó fẹ́ di dókítà, mi ò ní kó gba ọ̀nà NCE. Ẹni tó ń wá àgùnbánirọ̀ náà kó mọ̀ pé NCE nìkan kì í gbé èèyàn dé NYSC. Ó dìgbà tó bá gba dìgírì.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ti CAPS, ibi tí JAMB ti ń fọwọ́ sí ìgbaniwọlé. Ọmọ wọlé nípasẹ̀ ẹni tó mọ ẹnì kan, ó sanwó, ó ní nọ́ńbà mátíríkì, ó ń ṣe ìdánwò pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò sì sí lórí CAPS. Kò ní mọ̀, àfi lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ra fọ́ọ̀mù Direct Entry. Ìgbà náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì JAMB ní Lọ́kọ́jà, wọ́n á máa wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, owó lórí owó. Ẹ bi ọmọ yín léèrè lẹ́tà ìgbaniwọlé JAMB rẹ̀ lálẹ́ òní. Bó bá ní ó wà ní ọ́fíìsì, ẹ bi í pé ọ́fíìsì ta ni.