A Ti Tẹ Ológbò Lọ́dàá, Ó Ṣì Ń Gun Ẹgbẹ́ Rẹ̀

"Dókítà, iṣẹ́ abẹ yẹn ò mà jẹ́ o." Mo máa ń gbọ́ ọ dáadáa. Ológbò akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá gun èkejì rẹ̀ lẹ́yìn, ó fi eyín di awọ ọrùn rẹ̀ mú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Òmíràn ò tilẹ̀ wá ẹgbẹ́ rẹ̀, aṣọ ìbora tàbí apá ẹni tó ni ín ló ń gùn. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ọ́.

Ìgbà tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Bí kórópọ̀n bá ti kúrò, họ́mọ́ọ̀nù akọ, ìyẹn èròjà ara tó ń mú un hùwà akọ, a tètè wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà lè pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dín. Èyí tó sì ti ń gun abo kí a tó tẹ̀ ẹ́ lè má jáwọ́ pátápátá, torí ó ti mọ́ ọn lára.

Bí oṣù 2 bá kọjá tí kò dín, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń rùn bíi ti akọ tí a kò tẹ̀, okó rẹ̀ ni mo máa wò. Ti ológbò akọ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn títẹ̀, ẹ̀gún yẹn á ti pòórá. Bí mo bá ṣì bá a níbẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù ń ti ibì kan wá, ó sì lè jẹ́ kórópọ̀n kan tó há sínú ikùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ tí mo ń rí, ọkàn ológbò náà ni kò balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ mú ọmọ ológbò tuntun wọlé, pé ẹ kó lọ sílé mìíràn, tàbí pé akọ àdúgbò kan ń rìn kiri lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ má nà án. Ìbẹ̀rù á fi kún ohun tó ń dà á láàmú. Bí ẹ bá rí i tó fẹ́ dọdẹ ọrùn èkejì, ẹ ju nǹkan ìṣeré sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ya àwo oúnjẹ wọn sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 2, kí àwo iyanrìn tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí jẹ́ 3. Ẹ fi okùn bá a ṣeré dáadáa kó tó jẹun alẹ́.

Ohun kan wà tí kò gba sùúrù. Bí ológbò náà bá ń lá abẹ́ rẹ̀ láìdẹ́kun, tó ń wọ inú iyanrìn, tó ń lóṣòó, tó ń tiraka láti tọ̀, tí ìtọ̀ ò sì jáde, ojú ìtọ̀ ti dí nìyẹn. Ó lè pa á láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Bó jẹ́ òru lẹ rí i, òru náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko.